Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: Ìlò Simple Present Tense nínú Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì

Bí o bá wo àwọn orí-ọ̀rọ̀ àròkọ tí wọ́n máa ń fún àwọn olùdíje nínú ìdánwò, ìwọ yóò rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó béèrè ìtàn ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Wọ́n lè ní kí o kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ tí ó wà ní ìlú òkèèrè, kí o ṣàlàyé bí ìgbésí ayé ti rí ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ. Wọ́n lè ní kí o kọ nípa iṣẹ́ tí ìyá rẹ tàbí bàbá rẹ ń ṣe, tàbí nípa ọjọ́ ọjà ní ìlú rẹ, tàbí kí o jiyàn pé gbígbé ní oko sàn ju gbígbé ní ìlú ńlá lọ. Nínú irú àwọn àròkọ báwọ̀nyí, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní Simple Present Tense. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pè é ní àsìkò ìsinsìnyí.

Ẹ̀kọ́ tí a ti kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí o máa fojú tín-ín-rín rẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò West African Examinations Council, 50 máàkì ni a pín fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì: 10 jẹ́ ti kókó ọ̀rọ̀, 10 jẹ́ ti ètò, 20 jẹ́ ti ìlò èdè, 10 tí ó kù sì jẹ́ ti gírámà, sípẹ́lì àti fífi àmì sí gbólóhùn bí ó ti yẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó kọ "sells" àti ìgbà tí ó yẹ kí ó kọ "is selling" yóò pàdánù nínú 10 ìkẹyìn yìí, yóò sì tún pàdánù nínú 20 ti ìlò èdè, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ kún fún ọgbọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni kì í gba ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já geere. Nítorí náà jókòó ti ẹ̀kọ́ yìí dáadáa.

A. IṢẸ́ TÍ ÀSÌKÒ ÌSINSÌNYÍ Ń ṢE

Má ṣe jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tàn ọ́ jẹ. "Ìsinsìnyí" ni a pè é, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yìí gan-an kọ́ ni a sábà máa ń fi í sọ. Iṣẹ́ márùn-ún yìí ni kí o kọ́ sórí.

1. A fi ń sọ ìṣe bárakú, èyí ni ohun tí ènìyàn máa ń ṣe lójoojúmọ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lọ́dọọdún.
We go to the farm every Saturday.

2. A fi ń sọ òtítọ́ tí kì í yí padà.
The River Niger meets the River Benue at Lokoja.

3. A fi ń sọ ipò, ìmọ̀ àti ìfẹ́ ọkàn.
I know the road to Ogbomoso. She wants a new dress.

4. A fi ń sọ ètò tí a ti là sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ kò tí ì pé.
The examination begins at nine o'clock tomorrow.

5. A fi ń sọ ohun tí ó wà nínú ìwé ìtàn tàbí eré onítàn nígbà tí a bá ń ṣàlàyé rẹ̀. Ọlá Rótìmí tẹ ìwé eré rẹ̀, The Gods Are Not to Blame, jáde ní 1971, ṣùgbọ́n bí o bá ń dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ lónìí, ohun tí ìwọ yóò kọ nìyí:
Odewale kills his father without knowing who he is.
Ìdí ni pé nígbàkígbà tí a bá ṣí ìwé náà, ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn wà níbẹ̀ síbẹ̀.

B. BI YORÙBÁ LÉÈRÈ KÍ O TÓ KỌ GẸ̀Ẹ́SÌ

Àwọn kan máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó gbàgbé Yorùbá pátápátá bí ó bá fẹ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kì í ṣe mímọ Yorùbá ni ó ń ba àròkọ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ohun tí ó ń bà á jẹ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò fetí sí Yorùbá tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ.

Fetí sí i dáadáa. Ọ̀nà mẹ́rin ni gbólóhùn lè gbà wá sí ọ lọ́kàn ní Yorùbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ibi tí ó ń gbé ọ lọ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà kìíní: "máa ń". Àwọn onígírámà Yorùbá ń pe èyí ní bárakú. Bí "máa ń" bá wá sí ọ lọ́kàn nípa ohun tí ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní, àsìkò ìsinsìnyí ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni kí o kọ, má ṣe wá ìrànlọ́wọ́ kún un.
Ìyá mi máa ń ta gàrí ní ọjà Bódìjà.
My mother sells gari at Bodija market.

Níbí ni ọ̀pọ̀ olùdíje ti ń ṣubú. Nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì ni "máa ń", wọ́n á wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì mú "use to". Wọ́n á kọ ọ́ pé:
My father use to pay my school fees.
Ẹni tí ó ń máàkì yóò ka èyí sí "used to", ohun tí a sì ń fi "used to" sọ ni ohun tí ó ti wà rí tí kò sí mọ́. Yóò rò pé bàbá rẹ ti kú, tàbí pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí pé ó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Fi ojú inú wò ó pé o kọ gbólóhùn yìí sínú lẹ́tà tí o fi ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ owó ẹ̀kọ́. O ti sọ ohun tí kì í ṣe òtítọ́ fún àwọn tí yóò ṣe ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ fúnra rẹ kò mọ̀ pé o sọ ọ́. Ohun tí o ní lọ́kàn ni:
My father pays my school fees.

Ìgbà wo ni ó wá tọ́ láti kọ "used to"? Yorùbá ni yóò sọ fún ọ. Bí "tẹ́lẹ̀" tàbí "tẹ́lẹ̀ rí" bá tẹ̀lé "máa ń", "used to" ni.
Bàbá mi máa ń mu sìgá tẹ́lẹ̀ rí.
My father used to smoke.
Bí kò bá sí "tẹ́lẹ̀" nínú ọkàn rẹ, má ṣe jẹ́ kí "used to" wọ inú ìwé rẹ.

Ọ̀nà kejì: "ń" nìkan. Ẹrù méjì ni "ń" máa ń rù, ibẹ̀ ni ó sì ti máa ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Bí ẹnìkan bá bi ọ́ pé, "Kí ni ìyá rẹ ń ṣe?" o lè dá a lóhùn pé, "Ó ń ta gàrí," nígbà tí ìyá rẹ ń sùn nínú ilé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni o sọ, kì í ṣe ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé "My mother is selling gari", ohun tí Òyìnbó yóò kọ́kọ́ rò ni pé ó wà nídìí igbá gàrí náà ní ìṣẹ́jú yìí.

Ọ̀nà tí o lè gbà yẹ "ń" wò rọrùn. Fi "lọ́wọ́lọ́wọ́" sí gbólóhùn náà. Bí ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá yí padà, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ní "-ing" ni kí o kọ. Bí ìtumọ̀ rẹ̀ bá yí padà, fi "máa" ṣíwájú "ń" dípò rẹ̀. Bí ó bá bá ohun tí o ní lọ́kàn mu, àsìkò ìsinsìnyí ni.
Ọmọ náà ń sunkún; lọ gbé e. The child is crying. Go and carry him.
Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kọ́ni ní Ìbàdàn. My elder brother teaches in Ibadan.

Ọ̀nà kẹta: ọ̀rọ̀-ìṣe lásán tí ó ń sọ nípa iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe, bíi lọ, rà, tà, jẹ, wá, sáré. Bí a bá lo irú ọ̀rọ̀ yìí láìfi ohunkóhun ṣíwájú rẹ̀, ohun tí ó ti kọjá ni a sábà máa ń ní lọ́kàn. "Mo lọ sí ọjà" túmọ̀ sí pé o ti lọ. "I went to the market" ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́ ọ sórí pé "lọ" ni "go" lè kọ "Last Friday I go to the market". "Lọ" wà lójú ìwé, ṣùgbọ́n àsìkò rẹ̀ ti sọnù. Ọ̀nà kẹta yìí kì í sábà gbé ọ dé àsìkò ìsinsìnyí.

Ọ̀nà kẹrin: ọ̀rọ̀-ìṣe lásán tí ó ń sọ nípa ipò, ìmọ̀ tàbí ìfẹ́, bíi mọ̀, ní, fẹ́, fẹ́ràn, nílò, gbàgbọ́, jọ. Àwọn wọ̀nyí yàtọ̀ sí ti òkè yìí. Bí wọ́n tilẹ̀ wà lásán, ohun tí ó wà bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí ni a sábà máa ń fi wọ́n sọ, àsìkò ìsinsìnyí sì ni Gẹ̀ẹ́sì wọn.
Mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì. I have two elder brothers.
Mo fẹ́ràn ìrẹsì. I like rice.
Mo gbọ́ Yorùbá. I understand Yoruba.
Ẹni tí ó bá kọ "I am having two elder brothers" kò fetí sí èdè ara rẹ̀. Ta ni ó ń sọ ní Yorùbá pé, "Mo ń ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì"? Ibi tí Yorùbá kò ti fi "ń" sí i, má ṣe fi "-ing" sí i.
Kíyèsí i pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá bá ń sọ bí nǹkan ti rí, bíi ga, dúdú, gbóná, "is" tàbí "are" ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò: "Ó ga" ni "He is tall".

D. LẸ́TÀ "S" TÍ Ó Ń GBA MÁÀKÌ LỌ́WỌ́ ỌMỌ

Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí padà ní ibì kan ṣoṣo nínú àsìkò yìí.

Mo máa ń tà: I sell
O máa ń tà, ẹ máa ń tà: You sell
Ó máa ń tà: He sells, She sells, It sells
A máa ń tà: We sell
Wọ́n máa ń tà: They sell

Ní ayé àtijọ́, ìparí bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ju báyìí lọ. Bí o bá ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ ní 1611 ní ayé Ọba James, ìwọ yóò rí "goest" àti "goeth" nínú rẹ̀. Wọ́n ti kúrò nínú èdè ojoojúmọ́. "S" ti ẹnìkẹta ẹyọ nìkan ni ó kù, òun náà sì ni wọ́n fi ń dán ọ wò.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:
(a) Fi "s" kún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe: sells, wakes, reads.
(b) Fi "es" kún èyí tí ó bá parí sí s, sh, ch, x, z tàbí o: passes, washes, teaches, fixes, goes, does.
(d) Bí kọ́ńsónáǹtì bá ṣíwájú "y" ní ìparí ọ̀rọ̀, "y" yóò di "ies": cry di cries, carry di carries. Bí fáwẹ́lì ni ó ṣíwájú rẹ̀, "s" nìkan ni: plays, buys.
(e) "Have" di "has". "Be" ní ti rẹ̀: I am, he is, they are.
(ẹ) "Can", "must", "will", "may" àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kì í gba "s", ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀lé wọn kò sì gbọdọ̀ gbà á: She can sew.

Ṣọ́ra fún àwọn ọ̀fìn márùn-ún wọ̀nyí.

1. Ọ̀wọ̀. Ọmọ tí a kọ́ kì í pe bàbá rẹ̀ ní "ó". Yóò sọ pé, "Bàbá mi, wọ́n máa ń jí ní agogo márùn-ún." Inú ọ̀wọ̀ yìí ni "My father they wake up" àti "My father wake up" ti ń wá. Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "they" bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bàbá kan ṣoṣo, ẹyọ ni. Kọ ọ́ pé "My father wakes up at five o'clock", kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé o rí bàbá rẹ fín.

2. "Ó". Ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti òkúta, "ó" ni Yorùbá ń pe gbogbo wọn. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí he, she àti it. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń gba "s". Má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "my mother" kí o wá parí gbólóhùn pẹ̀lú "he".

3. Olùwà tí ó gùn. "One of my brothers live in Ilorin" kò tọ̀nà. Nítorí pé "brothers" sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ni akẹ́kọ̀ọ́ fi rò pé òun ni olùwà. Béèrè pé, "Ta ni ó ń gbé ní Ìlọrin?" Ọ̀kan ni, kì í ṣe gbogbo wọn. "One of my brothers lives in Ilorin" ni ó tọ̀nà. Bákan náà ni "The price of these books rises every year". Iye owó ni ó ń ga, kì í ṣe àwọn ìwé.

4. "Everybody", "everyone", "nobody" àti "each". Ní Yorùbá, "gbogbo ènìyàn" jẹ́ ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ ni Gẹ̀ẹ́sì ka "everybody" sí: Everybody knows him. "People" ni ó jẹ́ ọ̀pọ̀, bí kò tilẹ̀ ní "s" nídìí: People know him.

5. "S" ọ̀rọ̀-orúkọ àti "s" ọ̀rọ̀-ìṣe. Rò ó bí ìbejì tí ó ní fìlà kan ṣoṣo. Bí Táyé bá dé e, orí Kẹ́hìndé yóò wà lófìfo. "The trader sells": ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó dé fìlà. "The traders sell": ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó dé e. Ṣùgbọ́n rántí pé men, women àti children jẹ́ ọ̀pọ̀ láìní "s", nítorí náà "The children play" ni, kì í ṣe "The children plays".

E. ÌYÍSÓDÌ ÀTI ÌBÉÈRÈ

"Kì í" ni ìyísódì "máa ń". Bí ó bá wá sí ọ lọ́kàn, "do not" tàbí "does not" ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.
Bàbá mi kì í mu ọtí. My father does not drink.
"Kò" ní tirẹ̀ gba àyẹ̀wò. Pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe ìmọ̀ àti ipò, àsìkò ìsinsìnyí ni: "Kò mọ̀ mí" ni "He does not know me". Pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe iṣẹ́, ohun tí ó ti kọjá ni ó sábà máa ń jẹ́: "Kò wá lánàá" ni "He did not come yesterday".

Bí o bá ti kọ "does", ó ti gba "s" náà mọ́ra. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀lé e kò gbọdọ̀ ní òmíràn. "She does not cheats" kò tọ̀nà. "She does not cheat" ni kí o kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè: "Ṣé ìyá rẹ máa ń ta gàrí?" ni "Does your mother sell gari?"

Ẹ. ÀRÒKỌ ÀWÒṢE

Orí-ọ̀rọ̀: My Mother's Work.

Kọ́kọ́ ka èyí, kí o sì wá àṣìṣe inú rẹ̀ kí o tó ka àlàyé tí ó tẹ̀lé e.

My mother is a trader. She is selling gari in Bodija market. Every day she use to wake up at five o'clock. She sweep the house and they cook for us before she go to the market. She is having many customers because she does not cheats anybody. Last week one customer come from Lagos and buy ten bags.

Àṣìṣe mẹ́sàn-án ni ó wà nínú gbólóhùn mẹ́fà yìí. "Is selling" ti ara "ń" wá. "Use to wake up" ti ara "máa ń" wá. "Sweep" àti "go" kò ní "s". "They cook" ti ara ọ̀wọ̀ wá. "Is having" kò bá Yorùbá pàápàá mu. "Cheats" gba "s" lẹ́yìn "does". "Come" àti "buy" ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, nítorí náà "came" àti "bought" ni ó yẹ. Ọmọ tí ó kọ ọ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Gbólóhùn rẹ̀ ní ètò, ohun tí ó sọ sì yé ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ni ó dà á.

Wàyí o, ka àwòṣe náà bí ó ti yẹ kí ó rí, pẹ̀lú ìparí rẹ̀.

My mother is a trader. She sells gari in Bodija market. Every day she wakes up at five o'clock, sweeps the house and cooks for us before she goes to the market. Her stall stands beside the road, and everybody who passes sees the white and yellow heaps in her basins. She has many customers because she does not cheat anybody. When she measures gari, she fills the bowl until it runs over. Last week a customer came from Lagos and bought ten bags. He told her that he trusted her measure more than his own. My mother does not read or write, yet she keeps every debt in her head, and she never forgets one. People often ask me what work I want to do. I want to trade as she does, but I want to write the debts down.

Ṣàkíyèsí nǹkan mẹ́ta. Èkíní, láti òkè títí dé "runs over", àsìkò ìsinsìnyí ni, nítorí pé ìṣe bárakú àti ipò ni à ń sọ. Èkejì, nígbà tí "Last week" wọlé, ọ̀rọ̀-ìṣe yí padà sí ohun tí ó ti kọjá: came, bought, told, trusted. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ̀kẹta, bí ìtàn oníbàárà náà ti parí, òǹkọ̀wé padà sí àsìkò ìsinsìnyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbàgbé láti padà yóò kọ "My mother did not read or write", ẹni tí ó ń kà á yóò sì rò pé ìyá náà ti di olóògbé.

F. NÍNÚ GBỌ̀NGÀN ÌDÁNWÒ

Má ṣe kọ ọ̀rọ̀ títí aago yóò fi lù. Fi ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ ní ìparí àròkọ rẹ. Fi ẹnu bírò tọ́ka sí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta:
(a) Kí ni mo ní lọ́kàn ní Yorùbá? Ṣé "máa ń" ni, àbí "ń" lọ́wọ́lọ́wọ́, àbí ohun tí ó ti kọjá?
(b) Ta ni olùwà rẹ̀? Ṣé ẹyọ ni àbí ọ̀pọ̀?
(d) Ta ni ó dé fìlà "s"?
Ní ìgbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ yìí yóò dà bí ohun tí ó gùn. Bí o bá ṣe é lórí àròkọ mẹ́wàá nínú ilé, ojú rẹ yóò máa rí àṣìṣe kí ọwọ́ rẹ tó kọ ọ́.

G. ÌDÁNRAWÒ

Túmọ̀ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí sí Gẹ̀ẹ́sì. Bo ìdáhùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ìwọ yóò fi parí.

1. Bàbá àgbà wa kì í jẹ ẹran ní alẹ́.
2. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ránṣọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òṣogbo.
3. Ó ń ránṣọ lọ́wọ́. Má ṣe pè é.
4. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa gbọ́ Haúsá.
5. Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀.
6. Ṣé ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró ní Abẹ́òkúta?
7. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé oòrùn máa ń yọ ní ìlà-oòrùn.
8. Bàbá mi ta ọkọ̀ wọn ní oṣù tí ó kọjá.

ÌDÁHÙN

1. Our grandfather does not eat meat at night.
2. My elder sister sews clothes. She has a shop in Osogbo.
3. She is sewing. Do not call her.
4. One of our teachers understands Hausa.
5. I used to ride a bicycle to school.
6. Does the train stop at Abeokuta?
7. Everybody knows that the sun rises in the east.
8. My father sold his car last month.

Bí o bá gba gbogbo rẹ̀, kọ àròkọ kan lórí "A Market Day in My Town", kí o sì fi ìbéèrè mẹ́ta inú Apá F yẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá kùnà ní ju méjì lọ, padà sí Apá B kí o tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Má ṣe tì í sẹ́yìn títí di àárọ̀ ìdánwò.